Ẹ Bi Wá, Ẹ̀yin Òbí: Ọmú Inú Kúlà, Káńfọ̀ Inú Àpótí, Ògì Tó Ṣàn Jù

Lẹ́tà mẹ́fà ni àyè gbà lóṣù yìí. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, kó fọkàn balẹ̀, ó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n padà síbi iṣẹ́, ọmọ mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pé oṣù mẹ́ta. Aago méje òwúrọ̀ ni mo ń jáde, ó di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí n tó wọlé. Mi ò fẹ́ fún un ní wàrà inú agolo, ṣùgbọ́n NEPA ọ̀dọ̀ wa lè mú iná lọ fún odindi ọjọ́ méjì. Ṣé mo lè fún ọmú kalẹ̀ kó má bàjẹ́? – *Ìyá Oníṣẹ́ Ọ́fíìsì, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, ẹ sáà bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí iṣẹ́ ku ọ̀la ló máa ń sọ pé ọmú òun ò jáde.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ọmọ máa mu. Ọmọ tó ti lé lóṣù kan, tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ń mu bíi mílílítà 30 sí 45 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ìyá rẹ̀ ò fi sí nílé. Wákàtí 11 ni tiyín, nítorí náà bíi 330 sí 495. Ẹ pín in sínú ike kéékèèké tó ní ìdérí, 60 sí 90 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá bu 200 sójú kan, tí ọmọ mu ìdajì rẹ̀, itọ́ rẹ̀ ti kan èyí tó kù. Tí kò bá tíì mu ún tán láàárín wákàtí méjì, ẹ ó dà á nù ni, ó sì máa ń dun ìyá bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ló dà sílẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe fún un nìyí. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ọmú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àtàǹpàkò wà lókè, ìka méjì nísàlẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sẹ́yìn orí ọmú. Ẹ kọ́kọ́ tì í sẹ́yìn sí àyà, lẹ́yìn náà kí ẹ fún un pọ̀, kí ẹ sì dẹ ọwọ́. Ìka ò gbọdọ̀ máa yọ̀ lórí awọ. Ẹni tó bá ń fa orí ọmú bí ẹni ń fún aṣọ, egbò ni yóò gbé lọ sí ọ́fíìsì. Tí ó bá dẹ́kun níbì kan, ẹ yí ìka sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lórí ọ̀kan, ẹ bọ́ sórí èkejì, ẹ tún padà, títí yóò fi tó ìṣẹ́jú 20 sí 30. Lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, ó lè má ju ṣíbí mẹ́ta lọ. Kì í ṣe pé ọmú gbẹ, ara ò tíì mọ̀ pé ẹnìkan tún wà tó ń béèrè ni. Níbi iṣẹ́, ẹ máa fún un ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, torí ọmú tí a bá jẹ́ kó kún títí di ìrọ̀lẹ́ ni ara ń ka sí èyí tí wọn ò nílò mọ́.

Nínú yàrá, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́rin. Nínú fìríìjì tí iná rẹ̀ ò lọ, ọjọ́ mẹ́rin. Nínú kúlà tí omi dídì kún, wákàtí 24. Pẹ̀lú irú iná tí ẹ sọ yìí, kúlà ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ ra píọ̀ wọ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ti dì bí òkúta lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi tútù, ẹ tò wọ́n yí àwọn ike náà ká kí wọ́n fara kàn wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sì máa ṣí kúlà wò. Èyí tó ti dì tẹ́lẹ̀ tí iná wá lọ tó sì yọ́, kò gbọdọ̀ padà dì mọ́. Ẹ fi sínú òtútù, kí ọmọ mu ún láàárín wákàtí 24.

Ẹ ṣàlàyé fún ẹni tó máa dúró ti ọmọ pé ọ̀rá tó léfòó kì í ṣe ìbàjẹ́, kó kàn rọra yí ike náà. Ọmú ẹlòmíràn máa ń rùn bí ọṣẹ lẹ́yìn ọjọ́ kan nínú òtútù, ìyẹn náà ò bàjẹ́. Èyí tó bá kan ni ká dà nù. Kó gbé ike sínú abọ́ omi gbígbóná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò gbọdọ̀ gbé e kaná. Ife kékeré tàbí ṣíbí la fara mọ́ ju fídà lọ, torí ẹnu fídà ṣòro fọ̀ mọ́, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ti ń wá.

Ohun kan tí àwọn ọ̀gá kì í rántí sọ: abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin tó ń tọ́mọ ní ààbọ̀ wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ìyàwó ọmọ mi bí ọkùnrin, ọjọ́ márùn-ún rèé. Mo kó àwọn aṣọ ìpọnmọ tí mo fi tọ́ bàbá rẹ̀ jáde nínú àpótí, ó ní òórùn káńfọ̀ wà lára wọn, kí n jọ̀wọ́ kó wọn padà. Ojú ọmọ ti ń pọ́n díẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní gúlúkóòsì. Ta ló jàre? – *Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Mama, lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé la ti pè yín pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó wà níbí, fún àwọn tó kù ni. Ìyàwó yín ló jàre.

Káńfọ̀ funfun róbótó tí à ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má jẹ ẹ́, naphthalene ni. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni tiwọn kò tó, ó sì pọ̀ láàárín ọkùnrin ju obìnrin lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè le koko títí káńfọ̀ yóò fi dé itòsí rẹ̀. Òórùn tó fà símú àti èyí tó gba awọ wọlé ti tó láti máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òróró tí a fi pa á lára sì ń jẹ́ kó tètè wọlé sí i. Ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ yẹn ló ń di àwọ̀ tí ẹ rí lójú. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ò tíì lágbára láti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Tí èyí tó ṣẹ́kù bá pọ̀, ó ń wọ ọpọlọ. Ọmọ tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bá mú dé ọpọlọ, bó bá tilẹ̀ yè, ó lè di adití, ọrùn rẹ̀ sì lè má dúró.

A mọ̀ pé ẹ ó sọ pé bàbá rẹ̀ náà lo aṣọ yìí, nǹkan kan ò sì ṣe é. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gba àìtó G6PD, kì í ṣe ọ̀dọ̀ bàbá. Ohun tí aṣọ náà ṣe tàbí tí kò ṣe fún bàbá ò sọ nǹkan kan nípa ọmọ.

Oòrùn àárọ̀ kì í wò ó. Lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń wò ó ní ọsibítù, ìhòhò lọmọ ń wà, wọ́n á bo ojú rẹ̀, á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìṣẹ́jú 15 níwájú ilé, tí a wé ọmọ pa bí ẹ̀kọ inú ewé, kò sún mọ́ ọn rárá. Gúlúkóòsì, omi ìbẹ́pẹ àti àgbo ń kún ikùn tó yẹ kí ọmú wà, bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ tí ọmọ ń yà nítorí ọmú ló ń kó àwọ̀ yẹn jáde.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lára ọmọ tó dúdú: lójúmọmọ, lẹ́bàá fèrèsé, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Ẹ fi ìka tẹ erìgì rẹ̀, ẹ gbé ìka kúrò, ẹ wo àwọ̀ tó kọ́kọ́ yọ. Ẹ wo funfun ojú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀. Tó bá hàn kí ọmọ tó pé wákàtí 24, tó bá ti dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí ọmọ ń sùn tí kò fa ọmú mọ́, tí igbe rẹ̀ yàtọ̀ tó sì ń han, tàbí tó ń tẹ ẹ̀yìn kọrọdọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ẹ má lo aṣọ náà fún un, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Òórùn káńfọ̀ kì í tètè jáde lára aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Aṣọ ọmọ tó bá gbẹ dáadáa, inú náílọ̀n tí a dì lẹ́nu tó. Ẹ tún ṣọ́ ọjọ́ ìkómọ o: aṣọ òkè àti léèsì tí àlejò yọ látinú àpótí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n máa fi gbọ́mọ mọ́ra.

Ìbéèrè: Ẹ̀ẹ̀rùn yìí mú. Ọmọ wa pé oṣù méjì, ọmú nìkan ló ń mu. Ṣé òùngbẹ ò ní gbẹ ẹ́? – *Bàbá Tuntun, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Rárá. Tí a bá pín ọmú sọ́nà 100, bíi 88 nínú rẹ̀ ni omi. Ìyá rẹ̀ ni kí ẹ máa bu omi fún. Tí ọmọ bá ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ ò pọ́n, ó ń mu tó.

Ìbéèrè: Ọmọ mi pé oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló ń mu ògì nínú fídà, ó sì ń mu ún tán, síbẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ ò kúrò lójú kan látoṣù méjì. Ìyá mi ní kí n máa rọ ọ́. – *Ìyá Ọmọ Oṣù Mẹ́jọ, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Ògì tó lè gba ihò fídà kọjá, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ikùn ọmọ kéré. Tí omi bá ti kún un, ó yó nìyẹn, ara rẹ̀ ò sì rí nǹkan kan mú. Nígbà tí a sì sẹ́ ògì, èèrí tí a dà fún ewúrẹ́ ti kó púpọ̀ lọ nínú ohun tó yẹ kó kọ́ ara ọmọ.

Ẹ kó fídà kúrò, ẹ mú abọ́ àti ṣíbí. Fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan: ògì ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó, ẹ dà á sínú omi híhó bí ìdajì ife, ẹ máa rò ó. Tó bá ti ń ki, ẹ da ẹyin kan tí ẹ ti lù sí i, ẹ má dá ọwọ́ dúró, kó má di kókó, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta kí ẹyin jinná. Edé lílọ̀ ṣíbí tíì kan, epo pupa ṣíbí tíì kan. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹyin, ẹ̀pà yíyan tí a bó tí a sì lọ̀ kúnná, ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ ṣa èyí tó bu tàbí tó korò kúrò kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Sóyà náà dára, ṣùgbọ́n ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó sá a, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Sóyà tí kò jinná ń da ikùn rú, òun ló sì ń mú káwọn ìyá kan sọ pé sóyà ò bá ọmọ àwọn lára mu.

Tí ẹ bá gbé ṣíbí dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó rọra yọ́ bọ́. Tó bá ṣàn, ẹ fi ògì kún un. Ìdajì ife mílílítà 250, ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́, kí ọmú má sì dáwọ́ dúró. Tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin. Ohun tuntun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi kún un, ẹ wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, tí ara ọmọ sì sú, ẹ ò ní mọ èyí tó fà á. Oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ kó tó pé ọdún kan.

Ní ti rírọ: tí a bá dá ọmọ dùbúlẹ̀, tí a fi ọwọ́ dí i nímú, tí a da ògì sí i lẹ́nu, ó gbọ́dọ̀ mí, ibi tó sì ti ń mí ni ògì máa gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bá wa bẹ Mama. Kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí sẹ́ńtà ìlera kí wọ́n fi téèpù wọn apá rẹ̀. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ògì. Tí kò bá tó 11.5, ìtọ́jú ọsibítù ni.

Ìbéèrè: Àwọn ìbejì mi gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 14, ara wọn gbóná. Kẹ́mísì fún mi ní parasitamọ́ọ̀lù inú ìgò kékeré tó ní ohun ìkán. Ti ẹ̀gbọ́n wọn wà nílé nínú ìgò ńlá. Ṣé ìwọ̀n kan náà ni? – *Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Rárá o, ibi tí àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀ jù gan-an lẹ béèrè yìí. Ìgò kékeré ló le jù. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí i pé mílílítà kan ṣoṣo ní 100 mg. Nínú ìgò ńlá, mílílítà márùn-ún ló ní 120 mg. Ìwọ̀n ara ọmọ ni a fi ń ṣírò rẹ̀, 10 sí 15 mg fún kílò kan. Tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ kílò mẹ́fà, 60 mg tó o: mílílítà 2.5 nínú ìgò ńlá, tàbí 0.6 nínú ti ìkán. Ẹni tó bá bu ṣíbí tíì kan nínú ti ìkán ti fún un ní 500 mg, ìwọ̀n àgbàlagbà. Síríńjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́, ẹ má lo ṣíbí ọbẹ̀. Wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ẹ kọ wákàtí tí Táíwò mu tirẹ̀ àti ti Kẹ́hìndé sórí páálí, nítorí lóru, ẹni tó ń sunkún ló máa ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n gún, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi róòbù pa á. Tí ara wọn bá ṣì gbóná lẹ́yìn ọjọ́ méjì, abẹ́rẹ́ kọ́ nìyẹn mọ́, ẹ gbé wọn lọ.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé ní kí á máa kán fítámì D fún ọmọ wa tó ń mu ọmú. Ìyá mi ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó kán an fún wa. – *Bàbá kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù*

Ìdáhùn: Oòrùn ilé ló ṣe iṣẹ́ náà fún yín. Lọ́dọ̀ yín, láti Oṣù Kẹwàá títí di Oṣù Kẹta, oòrùn tó yọ kò lágbára láti jẹ́ kí awọ pèsè rẹ̀, awọ dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ ju awọ funfun lọ. Ìlànà ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni 8.5 sí 10 máíkírógíráàmù lójúmọ́ fún ọmọ tó ń mu ọmú, láti ọjọ́ tí a bí i. Ọmọ tó bá ń mu wàrà inú agolo tó ju mílílítà 500 lọ lójúmọ́ ò nílò rẹ̀, wọ́n ti fi sínú wàrà náà. Ẹ ka ara páálí dáadáa: nínú ìgò kan, ẹ̀kán márùn-ún ló ń pé 10, nínú òmíràn ẹ̀kán kan ṣoṣo ni. Ẹ lè kán an sórí ọmú kí ọmọ tó gbà á sẹ́nu.