Pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ọjà ẹ́jẹ́ǹtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, kẹ́mísìrì ló ń kọ́. Ó fẹ́ lọ ṣe ọdún kan lókè òkun kó sì padà wá parí níbí. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ká mú 800,000 náírà wá kóun bá a wá àyè pàṣípààrọ̀. Ṣé Kánádà ló dáa ni àbí Jámánì? Yunifásítì wo ká mú níbẹ̀? Ìyá kan, Ṣágámù.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ Kánádà àbí Jámánì kọ́ ló kàn. Ohun tó kàn ni pé: yunifásítì wo lókè òkun ló ti bá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn?

Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí wọ́n má bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ là á mọ́lẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló máa ń ṣe pàṣípààrọ̀. Tiwa á fi ọmọ ránṣẹ́ sí wọn, tiwọn náà lè fi ọmọ ránṣẹ́ sí wa. Àdéhùn ti ní láti wà nílẹ̀ kí ọmọ kankan tó palẹ̀ ẹrù mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tibí lọmọ yín ṣì máa jẹ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ibí ló máa ń san lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tọ̀hún ò sì ní gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń rí sí àjọṣe pẹ̀lú òkè òkun nínú ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Níbo wá ni ẹ́jẹ́ǹtì ti wọ̀ ọ́? Àyè tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló fẹ́ tà fún yín.

Lóòótọ́, àwọn yunifásítì kan máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àlejò tó dá wá fúnra rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ máa san owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún, kò sì sí ẹni tó ṣèlérí pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbí á ka ohun tó kọ́ kún un. Ìyẹn kì í ṣe pàṣípààrọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ìwé kan wá bá mi, ó pa á mẹ́rin sínú náílọ́ọ̀nù. Òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà ńláńlá kọ "Exchange" sókè. Mo ní kó ka àdírẹ́sì e-mail ìsàlẹ̀ fún mi. Ó ń kà á bọ̀, ó kà á dé gmail.com, ó dákẹ́. Ayédèrú ni ìwé náà. Bàbá rẹ̀ ti ta pílọ́ọ̀tì kan ní Ìkẹ́nnẹ́ sórí ìwé yẹn. Inú ṣì ń bí mi di òní.

Tí orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ní àdéhùn bá ti wà lọ́wọ́ yín, ìgbà yẹn lẹ tó lè yan. Tí kò bá sí ti Kánádà níbẹ̀, ẹ gbàgbé Kánádà. Tó bá jẹ́ Jámánì, ẹ wo èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni: èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀kọ́ dìgírì àkọ́kọ́ níbẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe máásítà. Lẹ́yìn náà, kó gbé kọ́ọ̀sì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Yúróòpù, 60 ECTS ni iṣẹ́ ọdún kan, yúnítì tiwọn nìyẹn. Lábẹ́ Erasmus+, ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) fi ń ṣètìlẹ́yìn fún pàṣípààrọ̀, ìwé kan wà tó ń jẹ́ Learning Agreement, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ kọ́ọ̀sì tó máa ṣe sí. Ọmọ á fọwọ́ sí i, ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì náà á fọwọ́ sí i. Kó má wọ bàálù láìsí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè padà wá tún ọdún yẹn ṣe. Kó wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú. Oṣù kẹwàá ni ẹ̀kọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, wọn ò sì ní dúró de ìdáṣẹ́sílẹ̀ tiwa. Ẹ rántí ti ASUU lọ́dún 2022, oṣù 8 gbáko.

Owó oúnjẹ àti ilé ṣì wà lọ́rùn yín o. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, 11,904 yúrò ni Jámánì ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi pamọ́ sí àkáǹtì pàtó fún ọdún kan, àyàfi tó bá ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ (scholarship) tó tó gbọ́ bùkátà, tàbí ẹ̀rí owó mìíràn tí wọ́n fara mọ́. Iye yìí máa ń yí padà, nítorí náà ẹ bi ẹ́ḿbásì kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ má fi tèmi ṣe àṣẹ. Erasmus+ máa ń fún ọmọ lówó oúnjẹ àti owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kó lọ sí ọ́fíìsì àjọṣe òkè òkun nínú ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó gba orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí àdéhùn kọ̀ọ̀kan máa parí. Tẹ́ ẹ bá sì ti fún ẹ́jẹ́ǹtì yẹn ní nǹkan kan, ẹ wá rìsíìtì yín jáde kẹ́ ẹ tó tún bá a sọ̀rọ̀.