Èwo Gan-an Ló Ga Jù, Èwo Ló Tóbi Jù ní Nàìjíríà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọmọ mi wà lára àwọn tí yóò ṣojú ilé ìwé wọn níbí ní Ọ̀yọ́ nínú ìdíje ìmọ̀ nípa Nàìjíríà. Ìwé kan ní Ilé Kòkó Ìbàdàn ni ilé tó ga jù lọ, òmíràn ní Èkó ló wà. Wọn kò fẹnu kò lórí ìpínlẹ̀ tó tóbi jù náà. Èwo ni kí n kọ́ ọ?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ jọ́gíráfì kan, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tó ń tako ara wọn yìí ni kò parọ́. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni kò jọra, tàbí ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí ọmọ bá ti gbọ́ "jù lọ" nínú ìbéèrè, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n wọ̀n, nígbà wo, àti láàrin ààlà ibo.

Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ ní àjà 26, ọdún 1965 ni wọ́n sì parí rẹ̀, nígbà tí kò sí ilé tó ga tó o ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1970 pé òun ló ga jù, òótọ́ ló kọ. Àmọ́ ní 1979, wọ́n parí ilé NECOM ní Marina, l'Ékòó, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ilé NITEL, tó ní àjà 32, ó sì gba ipò náà. Síbẹ̀, ó wù mí kí gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ wa mọ ìtàn ti Dùgbẹ̀, nítorí owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ wa gbìn ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ní ti ìpínlẹ̀, Niger ló fẹ̀ jù ní ilẹ̀. Ó ju 76,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, nígbà tí ti Èkó, tó kéré jù, kò pé 4,000. Bí ó bá jẹ́ iye ènìyàn ni, Kano ló ṣáájú nínú ìkànìyàn 2006, Èkó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Èkó kò gba iye náà wọlé.

Ọ̀rọ̀ òkè ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Chappal Waddi ní Ìpínlẹ̀ Taraba, nítòsí ààlà Kamẹrúùnù, ló ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, agbègbè yẹn kò tíì di ti Nàìjíríà: ó wà lára ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń mójú tó. Nínú ìdìbò oṣù kejì 1961, àwọn ará ìhà àríwá ilẹ̀ náà yàn láti bá wa lọ, àwọn ará ìhà gúúsù sì yàn láti bá Kamẹrúùnù lọ. Ìhà gúúsù yìí ni Òkè Kamẹrúùnù wà, èyí tó ju mítà 4,000 lọ. Ká ní ìbò gúúsù gba ibòmíràn ni, ìdáhùn ọmọ yín ì bá yàtọ̀ lónìí.

Ní ti ènìyàn, ẹ fi ti Tobi Amusan kọ́ ọ. Ní oṣù keje 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà, nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, kò sì sí obìnrin tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan náà, ó sá àṣekágbá ní 12.06, ó gba góòlù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òfin kò sì gbà ju 2.0 lọ. Bí wọ́n bá bi ọmọ yín ní iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí èyí tó yá jù lágbàáyé, kí ó kọ 12.12.