Mọ́tò gbá kẹ̀kẹ́ mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Mọ́tò gbá kẹ̀kẹ́ ológeere mi nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Awakọ̀ náà fẹ́ fún mi ní 5,000 náírà kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣé kí n gbà á?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mo dúpẹ́ pé ẹ̀mí rẹ wà. Má tíì gbà á o. Táyà tó wọ́ kò tó nǹkan. A ó fa sípókù rẹ̀, àwọn irin tín-ín-rín inú táyà, lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò tọ́. Férémù, egungun kẹ̀kẹ́ náà, ni kí o yẹ̀ wò. Fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, gbé e sínú oòrùn, kí o tẹjú mọ́ abẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, níbi tí irin ti pàdé. Bí o bá rí ìlà tín-ín-rín bí irun orí lára ọ̀dà, ó ti sán nìyẹn. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè jó irin pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù tó ti tẹ̀, jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù tọ́ ọ. Ó lè kán mọ́ ọ lábẹ́.

Ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò náà, gba ìwé iye àtúnṣe lọ́wọ́ oníṣẹ́, kí o sì fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ní kí mọ́tò ní ìnṣọ́ránsì. Láti 2023, èyí tó kéré jù fún mọ́tò aládàáni lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tó bàjẹ́. Béèrè ìwé ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ awakọ̀ náà.