Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti lẹ́tà ìkìlọ̀ níbi iṣẹ́ ní London

Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin wa. Ẹ ní ó ti lé ní ọdún kan tí ẹ ti ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, oògùn náà kì í jẹ́ kí ẹ tètè jí, wọ́n sì ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún yín torí pé ẹ ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Mo ti la irú rẹ̀ kọjá. Òfin wà lẹ́yìn yín, àmọ́ ìwé ló máa gbè yín.

Kí Equality Act 2010, òfin Britain tó ń dènà ìyàsọ́tọ̀ (discrimination), tó ka ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sí àìlera (disability), kò ní wo orúkọ àìsàn náà lásán. Ohun tó ń wò ni bó ṣe ń dí yín lọ́wọ́ gan-an nínú nǹkan ojoojúmọ́, bí oorun, ìwẹ̀, ọjà rírà, ìfọkànsí, àti pé ó ti pé oṣù 12 tàbí ó ṣeé ṣe kó pé bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń kùnà rèé: wọ́n á sọ fún dókítà pé “a dúpẹ́, ara ti yá”, òun náà á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe máa rí ká ní ẹ kò lo oògùn ni òfin ní kí wọ́n wò! Ẹ jẹ́ kí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, kọ ìyẹn sílẹ̀, kó kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kó sì fi kún un pé oògùn ló ń fa oorun àárọ̀. Lẹ́tà pásítọ̀ kò lè dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹnu lásán, wọ́n lè ní àwọn kò mọ̀, òfin sì máa ń gbọ́ ti ẹni tí kò mọ̀ lóòótọ́. Ẹ kọ “reasonable adjustment” (àyípadà tó bọ́gbọ́n mu) sínú rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́: kí ẹ máa wọlé ní aago 10 dípò 8, kí ẹ máa pẹ́ jáde. “Ẹ ràn mí lọ́wọ́” kò tó. Wọ́n lè wo agbára wọn kí wọ́n tó gbà, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ ní kí ẹ sanwó rẹ̀.

Ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé ọdún 2 lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó lè pe ẹjọ́. Kò kan ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀.

Ọjọ́ ló ń pa ẹjọ́ jù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe nǹkan tí ẹ fẹ́ torí rẹ̀ pe ẹjọ́, ẹ ka oṣù 3 dín ọjọ́ 1, kí ẹ sì ti kàn sí ACAS, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, kó tó pé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní wọ́n ti fi kún un, ẹ ṣì ka oṣù 3. Ẹ̀sùn tí ẹ bá fi sun HR kò dá ọjọ́ náà dúró. ACAS kì í gba owó. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín ni ẹ ó kọ sórí fọ́ọ̀mù ET1, èyí tí wọ́n fi ń pe ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Láìsí i, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù náà padà.