Ìbéèrè Yín: Àwọn Ìbejì Kó Légbénlègbé Wálé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Lẹ́yìn òjò ọjọ́ Àìkú, àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 5, bu légbénlègbé sínú ike ní kòtò ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sìn ín títí á fi di ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n dà á nù, pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sìn. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Ọdún 24 ni mo fi kọ́ ọmọdé nílùú yìí. Ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí nínú báfù omi ló pẹ́ lọ́kàn wọn jù.

Mẹ́fà péré ni kí ẹ mú, kí ẹ dá ìyókù padà, torí bí wọ́n bá pọ̀, omi á tètè rùn. Omi kòtò yẹn náà ni kí ẹ lò, kí ẹ máa fi omi òjò tàbí ti kànga kún un. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí kẹ́míkà inú rẹ̀ lè fẹ́ lọ. Ẹ má lọ bu omi Ọ̀ṣun o. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa wúrà lókè odò, ara omi náà ò dá mọ́.

Ewé tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bọ̀ títí ó fi rọ̀, láìfi iyọ̀ sí i, ni oúnjẹ wọn. Kó má ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ gbé báfù síbi òjìji, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ yọ, bíi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ méjì ní ìdí ìrù. Ọwọ́ ló kàn: ọ̀kan lè bẹ́ jáde láàárọ̀ kí èkejì má tíì yọ. Ìrù ò já bọ́ o. Ara ló ń fà á mu díẹ̀díẹ̀, òun ló sì fi ń ṣe oúnjẹ nígbà náà, torí ẹnu ń yí padà, kò lè jẹun.

Ìgbà yìí gan-an ni wọ́n ń kú. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mí báyìí, bí wọn ò bá ríbi gùn, omi á pa wọ́n. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo sìn ín ní kíláàsì, mi ò fi òkúta kankan sí báfù, mo sì ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí a dé lọ́jọ́ Ajé, méje ti léfòó, ikùn wọn funfun kọjú sókè, ọwọ́ kéékèèké wọn nà gbọọrọ. Ọmọbìnrin kan bi mí pé: “Màmá, ṣé omi náà ló pa ọmọ omi?” Mi ò rí èsì fún un. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí ọwọ́ kan ṣoṣo, ẹ dín omi kù, kí ẹ sì gbé òkúta tó dagẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá ọkọ yín ò jẹ̀bi tán. Ọ̀pọ̀lọ́ ní oje funfun lẹ́yìn ojú tó máa ń ta ojú ènìyàn. Kí àwọn ọmọ má fọwọ́ gbá a mú, kí wọ́n sì máa fi ọṣẹ fọwọ́ ní gbogbo ìgbà. Bí ìrù bá ti tán, ẹ dá wọn padà sí kòtò yẹn nírọ̀lẹ́. Ẹ bẹ ìyá àgbà kí wọ́n bá àwọn ìbejì lọ, kí gbogbo wọn sì wọ bàtà, torí koríko á ti ga níbẹ̀.