Ṣé ó tọ́ kéèyàn fa mítà ọkọ̀ sẹ́yìn kó tó tà á?

Ìbéèrè: Àsàlámù aleekum, Àáfà wa. Mo ra ọkọ̀ àtijọ́ kan ní Tàkìé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Máìlì 62,000 ni mítà rẹ̀ kà. Nígbà tí rewáyà tú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn nọ́ḿbà náà ò tò gún mọ́, ojú ìṣó sì ti bó. Ó ní wọ́n ti fà á sẹ́yìn ni. Ẹni tó tà á ò jiyàn. Ó ní òun kúkú ti sọ pé “bó ṣe wà nìyẹn,” àti pé kò sẹ́ni tó ń wo mítà ra ọkọ̀ àtijọ́. Àwọn kan ní mọ́sálásí wa gbè é lẹ́yìn.

Ìdáhùn: Wa aleekumu salaam, arákùnrin mi. Hàráàmù ni. Bí kò bá sẹ́ni tó ń wo mítà, kí ló dé tó fi fà á sẹ́yìn?

Nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim, àwọn àáfà ńlá méjì tó kó hàdíìsì jọ, gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ kí á so ọmú ràkúnmí tàbí àgùntàn kí wàrà lè kún un lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹni tó bá ti rà á lè mú un bẹ́ẹ̀, ó sì lè dá a padà. Ẹni tó so ọmú yẹn ò la ẹnu purọ́ o. Ọmú ló ń bá a purọ́. Iṣẹ́ tí mítà ń ṣe fún ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọ náà nìyẹn.

Ibi tó ń rú àwọn ará wa lójú ni mítà tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Nọ́ḿbà márùn-ún péré ni mítà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ní. Bó bá ti lé ní 99,999, òdo ló ń padà sí. Ọkọ̀ tó ti rin 162,000 á máa ka 62,000. Òmíràn, eyín inú mítà ló ti jẹ, ọkọ̀ ń rìn, nọ́ḿbà dúró. Ẹni tó ń tà á kò jẹ̀bi nọ́ḿbà yẹn, àmọ́ bó bá mọ̀ tó dákẹ́, ó ti fi àléébù pamọ́. Kó sọ pé “ó ti yí ká” tàbí “ó ti kú.” Bí kò bá mọ̀, kó sọ pé òun ò mọ̀.

“Bó ṣe wà nìyẹn” ò gbà á sílẹ̀. Ní mázíhábì (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Imam Malik tí à ń tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ yẹn kì í yọ ẹni tó mọ àléébù tó sì bò ó. Kí àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn bẹ̀rù Ọlọ́hun! Inú mọ́sálásí kọ́ ló yẹ ká ti máa gbọ́ irú èyí.

O lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọkọ̀ padà kí o gba owó rẹ. Àmọ́ má fi gbé èrò mọ́ láti òní lọ, torí bí o bá ń lò ó lẹ́yìn tí o ti mọ àléébù rẹ̀, o ti gbà á bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mú àgbà méjì lọ bá a, ẹ fi sùúrù sọ ọ́. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, tó di pé ìwọ náà fẹ́ tà á, ohun tí rewáyà rí ni kí o kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá wá rà á.