Kí ni “break” túmọ̀ sí nínú àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ “break” ni fọ́, ṣẹ́ tàbí já, ṣùgbọ́n nínú àkànlò èdè, ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e ni ó ń pinnu ìtumọ̀ rẹ̀. “Break the law” ni kí ènìyàn rú òfin, “break a promise” ni kí ó yẹ àdéhùn, “break even” sì ni kí owó tí oníṣòwò pa dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó ná, láìsí èrè, láìsí àdánù. Èyí tí ó sún mọ́ èdè tiwa jù lọ ni “breakfast”, nítorí “fast” ni ààwẹ̀, láti inú ìṣínu ààwẹ̀ sì ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí oúnjẹ àárọ̀ ń jẹ́ ti wá. Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún “break the news”, èyí tí ó jẹ́ kí ènìyàn sọ ìròyìn fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ: ìròyìn ikú nìkan ni a lè fi “túfọ̀” túmọ̀ rẹ̀ fún.